Ẹyin adìẹ arúpẹ̀ mi kì í pa dáadáa nínú ínkúbétọ̀, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Alárúpẹ̀ Ìbàdàn
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará wa, ẹ kú iṣẹ́ adìẹ. Mò ń sin àwọn arúpẹ̀ kan níbí, àwọn ti Jápáànì yẹn tí wọ́n ń pè ní Chabo, tí ẹsẹ̀ wọn kúrú tí ìrù wọn nà sókè ṣánṣán. Wọ́n ń yé, àkùkọ ń gùn wọ́n, ara wọn le, ṣùgbọ́n tí mo bá to ẹyin wọn sínú ínkúbétọ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń pa ẹyin, kì í tó ìdajì tó ń pa. Àwọn kan á ṣófo pátápátá, àwọn kan á ti bẹ̀rẹ̀ tán, ẹ̀jẹ̀ á wá yí po nínú wọn á dúró síbẹ̀, àwọn tó sì ń dùn mí jù ni àwọn tó ti di ọmọ tán, ìyẹ́ ti hù, ẹnu ti gbó, wọn ò kàn jáde ni. Ẹ̀rọ mi ní fáànù, ó ń yí ẹyin fúnra ẹ̀, dígírì 37.5 ni mo fi sí, mo sì ń bu omi sí i bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé tó bá a wá. Ẹyin adìẹ ńlá tí àbúrò mi gbé wá pa dáadáa nínú ẹ̀rọ kan náà o! Kí ló wá ń ṣe ti arúpẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Ìyá Eléyin
O kú iṣẹ́ ọmọ mi. Kí n tó sọ nǹkan kan, ọjọ́ mélòó lo fi ń kó ẹyin jọ kí o tó tò ó, ibo lo sì ń kó o sí? Torí arúpẹ̀ kì í yé púpọ̀, ẹni tó ní abo mẹ́ta mẹ́rin á fẹ́ dúró kí ẹyin kún ẹ̀rọ, kó tó kún, èyí tó kọ́kọ́ yé ti pẹ́ jù. Èmi ò jẹ́ kó kọjá ọjọ́ 7 láé, tó bá jẹ́ ìgbà ooru oṣù kẹta báyìí, ọjọ́ 4 ti tó mi. Wọ́n ní ibi tó tutù tó dígírì 13 sí 18 ló yẹ kí ẹyin wà, yàrá wo ló tutù tó yẹn nílé wa, nígbà tí inú ilé ń lọ sí 30? Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ nìyí: tí ibi tí ẹyin wà bá ti gbóná kọjá nǹkan bíi 24, ohun tó wà nínú ẹ̀ á fẹ́ máa dàgbà díẹ̀díẹ̀, ooru yẹn ò tó o láti dàgbà dáadáa, ibẹ̀ ò sì tutù tó kó sinmi, á wá kú kó tó wọnú ẹ̀rọ rárá. Tí o bá wá tan tọ́ọ̀ṣì sí i lọ́jọ́ 7, o ò ní rí nǹkan kan, wàá ní àkùkọ ò gùn ún. Àkùkọ gùn ún o!

Máa kó ẹyin láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́, má jẹ́ kó sùn sábẹ́ abo. Gbé e sórí ilẹ̀ síbi tó tutù jù nínú ilé, jẹ́ kí ṣóńṣó ẹ̀ dojú kọlẹ̀, kí ìdí ẹ̀ tó tóbi wà lókè. Má gbé e sí fíríìjì, ibẹ̀ ti tutù jù. Má sì fọ̀ ọ́, tí ìgbẹ́ bá lẹ̀ mọ́ ọn, fi fóòmù gbígbẹ ra á kúrò, èyí tó bá dọ̀tí púpọ̀ jẹ ẹ́, ẹyin ni.

Ọmọ Ìlọrin
Mo ti ìyá lẹ́yìn lórí ọ̀rọ̀ ooru. Níbí a máa ń lo ìkòkò amọ̀ méjì, ẹ ki kékeré bọ inú ńlá, ẹ da yanrìn sáàárín ẹ̀ kí ẹ máa fi omi rin ín, ohun tí Mohammed Bah Abba gbé kiri Jígáwà tí wọ́n fi fún un ní ẹ̀bùn Rolex lọ́dún 2000 nìyẹn. Ẹ̀fọ́ àti tòmátì ló tìtorí ẹ̀ ṣe é o, àmọ́ ẹyin náà ń jẹ̀gbádùn ẹ̀. Kìkì pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn àti ọyẹ́ ló ń ṣiṣẹ́, tí òjò bá ti ń rọ̀ tí afẹ́fẹ́ ti kún fún omi, kò fi bẹ́ẹ̀ tutù mọ́.

Ọ̀gá Pákó (Òṣogbo)
Ínkúbétọ̀ ni mò ń kàn jẹun, ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Omi! Omi ló ń pa àwọn tó ti di ọmọ tán yẹn. Ẹyin gbọ́dọ̀ gbẹ díẹ̀, láti ọjọ́ tó wọlé títí di ọjọ́ 18 ìwọ̀n ẹ̀ gbọ́dọ̀ fi bíi 12 tàbí 13 pásẹ́ǹtì dín, ibi tí omi yẹn ti kúrò ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé sí ìdí ẹyin, àyè yẹn ni ọmọ á fi kọ́kọ́ mí kó tó dá èèpo lu. Tí ẹyin ò bá gbẹ tó, àyè á kéré, ọmọ á wú, kò ní ráyè yíra, ibẹ̀ ló máa kú sí. Ìwé tó bá ẹ̀rọ yín wá, ìlú òtútù ni wọ́n ti kọ ọ́, níbi tí híítà ti gba gbogbo omi inú ilé lọ. Ìbàdàn nínú òjò oṣù kẹfà yìí ńkọ́? Omi inú afẹ́fẹ́ ìta ti lé ní 80 pásẹ́ǹtì, tó bá wọnú ẹ̀rọ tó gbóná dé 37.5 ó ṣì máa wà ní nǹkan bíi 45 láìjẹ́ pé ẹ bu omi kankan sí i. Ibi tó yẹ kó wà náà nìyẹn! Ẹ wá tún bu omi lé e. Àmọ́ tó bá di ìgbà ọyẹ́, ó lè já sí 20, ìgbà yẹn ẹ bu omi, kódà ẹ bù ú dáadáa, torí ẹyin arúpẹ̀ kéré, ó ń tètè gbẹ ju ti adìẹ ńlá lọ.

Ẹ má gbára lé ojú, ẹ ra òṣùwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń wọn nǹkan ní kíṣìnnì. Ká ní ẹyin 20 lẹ tò, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ gíráàmù 35, àpapọ̀ ẹ̀ 700. Tó bá di ọjọ́ 9 ó yẹ kó ti wà ní nǹkan bíi 655, lọ́jọ́ 18 kó sún mọ́ 610. Tó bá ṣì wà ní 650 lọ́jọ́ 18, omi ti pọ̀ jù, tó bá ti wálẹ̀ sí 580, ó ti gbẹ jù. Ẹyin tí ẹ bá yọ lójú ọ̀nà, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò o, kí ẹ má wá sọ pé ó gbẹ.

Lọ́jọ́ 18 (fún arúpẹ̀ èmi máa ń ṣe é lọ́jọ́ 17 torí wọ́n lè pa lọ́jọ́ 19 tàbí 20), ẹ dá yíyí dúró, ẹ wá bu omi gidi kó gòkè dé 65 sí 70, ẹ ṣí ihò afẹ́fẹ́ sílẹ̀, ẹ ti ìdérí, ó parí. Ẹ má ṣí i mọ́.

Alárúpẹ̀ Ìbàdàn
Ọ̀gá, ẹ ṣeun gan-an. Ṣùgbọ́n háígírómítà (ohun tó ń wọn omi inú afẹ́fẹ́) tó wà nínú ẹ̀rọ mi ń sọ 50 láti ọjọ́ kìíní ni o, ṣé 50 pọ̀ náà?

Ọ̀gá Pákó (Òṣogbo)
Ta ló sọ fún yín pé òótọ́ ló ń sọ? Ẹ bu iyọ̀ jíjẹ sínú ọmọrí ìgò, ẹ kán omi díẹ̀ sí i kó kàn rin, kó má yọ́, ẹ gbé òun àti háígírómítà yẹn sínú nílọ́ọ̀nù kan, ẹ dì í pinpin kó sùn mọ́jú. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì 75 ló gbọ́dọ̀ sọ. Iye tó bá fi dín ni kẹ́ ẹ máa fi kún un. Tẹmómítà náà, ẹ fọ́ yìnyín sínú kọ́ọ̀pù, ẹ da omi díẹ̀ sí i, ẹ tì í bọ inú ẹ̀, 0 ló yẹ kó wà. Èyí tó ń sọ 2 níbẹ̀ á máa purọ́ fún yín nínú ẹ̀rọ náà.

Dókítà Ẹran
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ohun tí Ọ̀gá Pákó sọ ò ṣe é jà níyàn, àmọ́ Alárúpẹ̀, oríṣi ikú mẹ́ta lo kà fún wa, nǹkan kan ṣoṣo ò lè fa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èyí tó bá kù nínú ẹ̀rọ lẹ́yìn ọjọ́ 22, má kàn dà á nù, fọ́ ọ sínú àwo níta, kó o di imú. Èyí tó ṣófo, wo ojú pupa ẹyin, àmì funfun kékeré kan wà níbẹ̀: tó bá ki mọ́ra, tí etí ẹ̀ rí wúruwùru, kò fìgbà kan lọ́mọ nínú, tó bá fẹ̀ tí etí ẹ̀ yíká dáadáa, ó ti lọ́mọ nínú kó tó kú, ìyẹn jẹ́ ọ̀rọ̀ bí a ṣe ń tọ́jú ẹyin pa mọ́ tí ìyá sọ. Èyí tó kú láàárín ọjọ́ 7 sí 14, mo máa ń bi olóko ní oúnjẹ tí àwọn òbí ń jẹ. Èyí tó ti di ọmọ tán, wò ó bóyá ó tutù tó ń ṣàn, tàbí ó gbẹ tí awọ inú ẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lára, kó o sì wo ibi tí orí wà, torí èyí tí orí ẹ̀ bá wà níbi ṣóńṣó, ṣàṣà ni kó jáde, bí wọ́n ṣe tò ó ló fà á lọ́pọ̀ ìgbà. Tí wọ́n bá jáde ṣáájú àkókò tí ìdodo wọn ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ̀rọ gbóná jù, tí wọ́n bá pẹ́ tí wọ́n ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan fún ọjọ́ méjì mẹ́ta, kò gbóná tó.

Wò ó kí o padà wá sọ fún wa.

Bọ̀dá Wáyà
Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀, ẹnì kankan ò bèèrè iná. Iná ń lọ nílé yẹn àbí kò lọ? Tí iná bá lọ, ẹ má ṣí ẹ̀rọ wò, kò sí nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ wò níbẹ̀, ẹ da bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó kí ẹ fi ihò afẹ́fẹ́ sílẹ̀. Ẹyin lè fara da òtútù fún wákàtí mélòó kan, kò ní ju kó pẹ́ díẹ̀ kó tó pa. Ooru ni kò lè fara dà. Tó bá wà ní 40 fún wákàtí bíi mélòó, ẹ ti pàdánù púpọ̀ nìyẹn, ìdí nìyí tí mi ò fi fẹ́ràn kí èèyàn máa sáré gbé láńtà tàbí ẹ̀yinná wọ inú àpótí nígbà tí iná bá lọ, ẹ̀rù òtútù á jẹ́ kó se ẹyin.

Ohun tí mo máa ń ṣe fún àwọn oníbàárà mi ni kí n to ìgò oníke tí omi kún sí ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ, àwọn omi yẹn á gbóná pẹ̀lú ẹ̀rọ, tí iná bá lọ wọ́n á máa tú ooru sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá lówó, kó so gílóòbù 12 fóòtì (12V) àti fáànù kọ̀ǹpútà mọ́ bátìrì, kó fi STC-1000 (tẹ́mósítáàtì, ohun tó ń tan iná tó sì ń pa á bí ooru bá ṣe rí) darí ẹ̀, kò jẹ iná púpọ̀. Ẹ má gbé ẹ̀rọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí oòrùn ń wọ̀ o, tẹ́mósítáàtì ń pa iná nìkan ni, kò lè pa oòrùn. Àwọn tó ṣì ń lo alátùpà tí kò ní fáànù, 37.5 kọ́ ni tiyín, orí ẹyin lókè ni kẹ́ ẹ ti wọ̀n ọ́n, ibẹ̀ ló yẹ kó ti wà láàárín 38.3 sí 38.9, torí ooru inú ẹ̀ kì í dọ́gba lókè nílẹ̀. Tí ẹ bá sì da ẹyin arúpẹ̀ pọ̀ mọ́ ti adìẹ ńlá nínú irú ẹ̀, ti arúpẹ̀ wà nísàlẹ̀ ju ibi tẹ́ ẹ ti ń wọn ooru lọ, ẹ fi nǹkan gbé wọn sókè díẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Kent
Ẹ kú àárọ̀ láti Ìlú Ọba. Níbí àwọn arúpẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Pekin ni mò ń sìn sẹ́yìnkùlé, ìyẹ́ kún ìdí wọn débi pé àkùkọ á gùn títí kò ní kan ibì kan, tí adìẹ tí wọ́n ń pè ní Silkie náà rí bẹ́ẹ̀. Sísọ́ọ̀sì ni mo fi ń gé ìyẹ́ ìdí akọ àti abo kúrò kí àsìkò yíyé tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹyin òfìfo tán. Akọ kan sí abo 8 tó. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ pààrọ̀ àkùkọ, ẹ dúró ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kẹ́ ẹ tó kó ẹyin fún pípa, torí abo lè tọ́jú omi ara àkùkọ àkọ́kọ́ sínú fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ lè rò pé ti tuntun lẹ̀ ń pa. Ọ̀rọ̀ omi tí ọ̀gá sọ yẹn, bẹ́ẹ̀ ni o, níbí híítà máa ń gbẹ gbogbo ilé nígbà òtútù, àìbu omi ló máa ń kó bá wa. Àfikún kékeré fún àwọn tó wà ní England: láti October 2024, kódà adìẹ kan ṣoṣo lẹ gbọ́dọ̀ forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba.

Alárúpẹ̀ Ìbàdàn
Mo ti padà dé o. Háígírómítà sọ 60 nínú iyọ̀, ó túmọ̀ sí pé 50 tí mò ń rí, 65 ni. Mo fọ́ àwọn tó kù: àwọn ọmọ tó ti gbó yẹn tutù rinrin, ọrùn wọn wú, gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ṣe wí. Àwọn tó ṣófo kò pọ̀ tó bí mo ṣe rò, èyí tó pọ̀ ni àwọn tó kú ní kékeré gan-an, ẹ̀jẹ̀ yí wọn ká, wọn ò kọjá ọjọ́ mẹ́rin márùn-ún. Ìyẹn ló wá rú mi lójú, torí ẹyin ọjọ́ mẹ́ta péré wà nínú wọn, kò pẹ́ níta rárá, ẹyin adìẹ ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ò sì ní irú ẹ̀.

Dókítà Ẹran
Ìbéèrè kan. Àkùkọ rẹ, ẹsẹ̀ kúkurú ni? Àwọn abo ńkọ́?

Alárúpẹ̀ Ìbàdàn
Gbogbo wọn pátá ni ẹlẹ́sẹ̀ kúkurú sà. Èyí tí ẹsẹ̀ ẹ̀ bá gùn, mo máa ń tà á fún àwọn alásè ni.

Dókítà Ẹran
Ó tán. Ẹ̀rọ rẹ ò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú ìyẹn. Ohun tó ń mú ẹsẹ̀ Chabo kúrú, tí ọmọ bá gbà á lọ́dọ̀ òbí kan ṣoṣo, ẹsẹ̀ ẹ̀ á kúrú, á yè, á lẹ́wà. Tó bá gbà á lọ́dọ̀ bàbá, tó tún gbà á lọ́dọ̀ ìyá, á kú sínú ẹyin, ọ̀pọ̀ nínú wọn ní nǹkan bí ọjọ́ kẹta sí kẹrin. Nítorí náà, tí akọ ẹlẹ́sẹ̀ kúkurú bá gun abo ẹlẹ́sẹ̀ kúkurú, nínú ẹyin mẹ́rin, kan á kú, méjì á kúrú lẹ́sẹ̀, kan á gùn. Kò sí ooru, kò sí omi, kò sí àdúrà tó máa mú ìkẹrin yẹn pa. Kì í ṣe Jápáànì nìkan, Scots Dumpy ti Scotland náà rí bẹ́ẹ̀.

Àwọn abo ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tí ò ń tà fún alásè yẹn, àwọn gan-an lo nílò. Fi àkùkọ ẹlẹ́sẹ̀ kúkurú sọ́dọ̀ abo ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tó jẹ́ ẹ̀jẹ̀ Chabo kan náà, ìdajì ọmọ á kúrú lẹ́sẹ̀, ìdajì á gùn, ìkankan ò ní kú tìtorí ìyẹn. Ìṣirò ẹ̀: nínú ẹyin 100 tó lọ́mọ, bó o ṣe ń ṣe é báyìí wàá rí 50 ẹlẹ́sẹ̀ kúkurú, bí mo ṣe sọ ọ́ yìí náà wàá rí 50, àmọ́ wàá tún rí 50 ẹlẹ́sẹ̀ gígùn lé e dípò 25, kò ní sí òkú 25 kankan nínú àwo. Àwọn tó ní adìẹ aṣá (tí ìyẹ́ wọn ká sẹ́yìn), tiyín ò ní pa ọmọ kú sínú ẹyin báyìí o, àmọ́ ẹ má máa gun aṣá mọ́ aṣá náà, ìdámẹ́rin ọmọ á jáde tí ìyẹ́ wọn á máa já dànù.

Aláparò (Ìjẹ̀bú-Òde)
Háà, mo kọ́ ẹ̀kọ́ lónìí. Èmi fẹ́ mọ̀ nípa tíréè tó ń yí ẹyin. Ṣé ẹyin arúpẹ̀ jókòó dáadáa nínú ẹ̀? Torí ihò ẹyin ńlá ni wọ́n máa ń gbẹ́ sí i, ẹyin kékeré á kàn máa yọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ̀rọ á yí, ẹyin ò ní yí, tàbí kó dojú dé kí ṣóńṣó wà lókè, ibẹ̀ ni orí ọmọ ti ń lọ síbi tí kò yẹ. Tíréè àparò ni kẹ́ ẹ lò, tí ẹyin yín bá ti ga jù fún un, ẹ gé páálí há a sínú ihò ńlá yẹn. Tẹ́ ẹ bá ń fọwọ́ yí i, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí ẹ̀ẹ̀márùn-ún lójúmọ́, ẹ kọ X sí ẹ̀gbẹ́ kan, O sí èkejì, kẹ́ ẹ mọ èyí tó ti yí. Pẹ́ńsù ni o, kì í ṣe máákà.

Ìyá Eléyin
Dókítà bèèrè oúnjẹ, ẹ sì sáré kọjá. Léyà màṣì, oúnjẹ adìẹ tó ń yé, ni gbogbo wa ń rà, ìyẹn sì dára fún ẹyin jíjẹ, ẹyin tí wọ́n fẹ́ fi pa ọmọ fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Fítámì B2 tí kò bá tó lára ìyá, ọmọ á kú sínú ẹyin, èyí tó bá jáde á ká ọmọ ìka ẹsẹ̀ kò. Bẹ̀rẹ̀ ní bí oṣù kan kó tó di pé o kó ẹyin jọ: fítámì inú omi, tẹ̀tẹ̀, ewé ẹ̀fọ́ tútù, ẹja gbígbẹ tó o lọ̀, ìdin tó o bá ní. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo nǹkan yẹn lédè dókítà, mo mọ̀ pé ẹyin mi ń pa.

Ẹ má sì gbàgbé pé adìẹ fúnra ẹ̀ mọ̀ ọ́n pa! Tí iná bá ń yọ yín lẹ́nu, ẹ wá àgbébọ̀ adìẹ ìbílẹ̀ kan tó fẹ́ sàba, ẹyin arúpẹ̀ 12 á wọ abẹ́ ẹ̀ dáadáa, tí arúpẹ̀ fúnra ẹ̀ ò sì lè bo ju 6 sí 8 lọ. Alẹ́ ni kẹ́ ẹ gbé ẹyin sábẹ́ ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo ìyẹ́ ẹ̀ bóyá iná adìẹ wà lára ẹ̀, torí tí iná bá ń jẹ ẹ́, á dìde fi ẹyin sílẹ̀, gbogbo ẹ̀ á dòbu.

Ìyàwó Àgbẹ̀
Ẹ jọ̀ọ́, tí ọmọ bá ti dá ihò lu tí kò jáde, ṣé kí n bá a ṣí i?

Ọ̀gá Pákó (Òṣogbo)
Ẹ ní sùúrù àǹtí mi. Láti ìgbà tó bá ti dá ihò kékeré yẹn sí ìgbà tó máa gé èèpo yíká, ó lè gbà tó wákàtí 24, ó ń fa ìyókù pupa ẹyin wọnú, ẹ̀jẹ̀ ara awọ náà ń padà sí i lára, tẹ́ ẹ bá bó o lásìkò yẹn á ṣẹ̀jẹ̀ kú. Ìdérí tẹ́ ẹ̀ ń ṣí láti lọ wò ó gan-an ló ń gbẹ awọ mọ́ àwọn tó kù lára. Lẹ́yìn wákàtí 24 tí kò bá kúrò lójú kan, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rin awọ tó bá ti gbẹ, ẹ yọ èèpo bíńtín níbi ihò yẹn nìkan, tẹ́ ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ ẹ dáwọ́ dúró kíá. Èyí tó ti jáde, ẹ fi sílẹ̀ kó gbẹ nínú ẹ̀rọ, kò nílò oúnjẹ lọ́jọ́ kìíní, ohun tó fà wọnú ṣì ń bọ́ ọ.

Ọmọ Ìlọrin
Àwọn tó bá ra ẹyin wébílì láti gáréèjì, kó sinmi ọjọ́ kan gbáko kẹ́ ẹ tó tò ó, ṣóńṣó ẹ̀ nílẹ̀. Gbogbo gbígbọ̀n ojú ọ̀nà yẹn ń já àyè afẹ́fẹ́ ìdí ẹ̀.

Aláparò (Ìjẹ̀bú-Òde)
Alárúpẹ̀, àwọn ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tó kù lọ́wọ́ yín, èló lẹ fẹ́ tà wọ́n? Abo ni mo fẹ́.

Alárúpẹ̀ Ìbàdàn
Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ́ jù 😂 Abo ò kúrò nílé yìí mọ́. Àkùkọ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn wà o, tẹ́ ẹ bá fẹ́, ẹ wá gbé e.